Ẹni Tó Ni Gbogbo Òrùlé Tòlídò

"Gbogbo òrùlé gíláàsì tó bo ìlú yìí pátá, èmi Bámgbàlà ọmọ Ìsẹ́yìn ni mo fi ẹnu fẹ́ ẹ! Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan báyìí ni. Èémí kan ṣoṣo ni mo mí, ife tíì ọwọ́ mi kò sì tíì tutù tí mo fi parí. Ìyókù èémí náà ni mo fi ti adágún Írì sẹ́yìn díẹ̀, nítorí ó ti ń ta omi sí mi ní bàtà!"

Orí àga ni Bámgbàlà dúró sí nígbà tó ń sọ ọ́, ó na ṣíbí sókè bí ẹni tó fẹ́ fi pàṣẹ fún àrá. Gbogbo gbọ̀ngàn ìjẹun àwọn afẹ́gíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé ọbẹ̀ kábéèjì ń mì nínú ìkòkò. Bàbá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Sígí rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi fò jáde, ó bọ́ sínú àwo ẹlòmíràn, onítọ̀hún sì ti fẹ́ẹ́ jẹ ẹ́ kó tó mọ̀.

Àṣà wọn ni ní Tòlídò, nílẹ̀ Òyìnbó lọ́hùn-ún. Bí àlejò tó wá ṣiṣẹ́ bá fẹ́ padà sílé, wọn kì í sunkún, wọn kì í fún un lẹ́bùn. Wọ́n á se pírógì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi wé pòtétò, àwọn tó ń lọ á sì fi ẹnu jà. Ẹni tó bá pa irọ́ tó ga jù ló ni pírógì tó kẹ́yìn nínú àwo. Ìbídùn, ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù létí odò, ti ní òun fi irun orí òun fa ọkọ̀ ojú omi gòkè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ta ni Ìbídùn níwájú Bámgbàlà? Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá rí èkúté lóko, kó tó délé ó ti di ẹfọ̀n!

Ẹ má sì rò pé afẹ́gíláàsì ni o. Iyanrìn ni Bámgbàlà ń gbé. Ó ń fi bárò tì í láti etí odò Mọ́mì wá sí ẹnu ìléru tí wọ́n ti ń yọ́ ọ di gíláàsì. Ọ̀pá irin oníhò tí àwọn àgbà ìlú náà fi ń fẹ́ gíláàsì, kò fi ẹnu kàn án rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, ẹrù rẹ̀ wà ní dídì lẹ́bàá àga, ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé e lọ sílé sì ń dúró níta géètì ìlú. Òun ni ọkọ̀ tó kẹ́yìn kí yìnyín tó dé. Bó bá lọ, ó di ìgbà tí yìnyín bá yọ́. Àríyìíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti bímọ fún un ní Ìsẹ́yìn, ọmọ náà ti ń sáré kiri, àmọ́ ara ògiri tí ẹ̀rọ ń tan àwòrán sí nìkan ló ti ń rí bàbá rẹ̀. "Bàbá Ògiri" ló ń pè é. Gbogbo irọ́ tí Bámgbàlà ń pa, ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń bò mọ́lẹ̀.

"Mo gbọ́."

Òkè àjà ni ohùn náà ti wá, ó rọra jáde bí ohùn nọ́ọ̀sì tó fi abẹ́rẹ́ pamọ́ sẹ́yìn.

"Mo gbọ́. Bámgbàlà sọ pé òun ló fẹ́ gbogbo òrùlé. Ta ló rí i?"

Ẹ̀rín kú fin-ín. Elétí ló sọ̀rọ̀. Orí gíláàsì ńlá kan ni, ó tóbi bí elégédé tó gbó, irú rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ àjà gbogbo gbọ̀ngàn tó wà nílùú. Kò lójú, kò nímú, etí nìkan ló ní. Kò sì mọ àwàdà: ohun tí èèyàn bá sọ, tí ẹni mẹ́ta bá ti jẹ́rìí sí i, òtítọ́ ló jẹ́ lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnu jà, wọ́n á kọ́kọ́ fi fìlà onírun àgùntàn dé e títí dé ọrùn. Lónìí, orí Elétí ṣófo, ó ń dán yinrin.

Gbogbo ojú ń wá fìlà kiri. Wọ́n rí i. Orí Bámgbàlà ló wà.

"Òtútù ló mú mi," ni Bámgbàlà wí.

Ìbídùn fà á ní ṣòkòtò. "Bọ́ọ́lẹ̀ níbẹ̀! Sọ pé àwàdà ni, kíá, kí ẹnikẹ́ni tó lanu!"

Bámgbàlà lanu. Ẹnu tó ń ṣàn bí ọ̀gbàrá láti àárọ̀, ìgbà yẹn gan-an ló gbẹ bí ìsàlẹ̀ kànga ọ̀gbẹlẹ̀.

"Mo rí i," ni ẹnìkan wí.

Màmá Wándà ni. Wándà Kòwásíkì, ọ̀gá àwọn afẹ́gíláàsì, obìnrin tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè fẹ́ táyà tírélà kó sì le. Ó ti bá àwọn agbéyanrìn Yorùbá ṣiṣẹ́ pẹ́ débi pé ó mọ èébú Yorùbá ju ìkíni lọ.

"Mo rí i kòrókòró," ni Wándà tún wí. Kò wo ojú Bámgbàlà.

Bàbá Sígí ti rí eyín rẹ̀ gbà padà. Ó dìde. "Èmi náà rí i. Èmi ni mo bá a di ife tíì yẹn mú."

"Ó ṣojú mi!" Obìnrin kan ló ké láti ẹ̀yìn. Kí ó tó jókòó, gbogbo gbọ̀ngàn ti ń pariwo pé ó ṣojú àwọn, ẹnìkan tilẹ̀ ní ẹ̀fúùfù èémí náà ló gbé àkéte ìyá òun àgbà lọ.

"Ẹni mẹ́ta ti tó," ni Elétí wí. "Bámgbàlà, ó di tìrẹ."

Ariwo tó tẹ̀lé e dà bí ìgbà tí wọ́n da àpò ìṣó sílẹ̀. Ẹ̀gbà irin ló ń já bọ́ lọ́wọ́ àwọn afẹ́gíláàsì. Olúkúlùkù wọn ló ní i lọ́wọ́, nítorí ní Tòlídò, ẹni tó bá ní awẹ́ gíláàsì kan péré lórí òrùlé kò gbọdọ̀ kọjá géètì, kí gíláàsì rẹ̀ má baà là lẹ́yìn rẹ̀ kí ìjì sì wọlé. Ẹ̀gbà náà là, ó bọ́, ó ń yí gbirigbiri lábẹ́ tábìlì. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n so mọ́ Bámgbàlà lọ́wọ́ bí àlejò sì wú, ó tutù, ó le, ó di irin. Ó wúwo bí ẹni pé ọmọ erin rọ̀ mọ́ ọn.

Bàbá Sígí gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ibi tí ẹ̀gbà wà tẹ́lẹ̀ funfun báláú, bí koríko tí òkúta ti jókòó lé. Ó fi ìka kàn án, ó tún fi kàn án.

"Wándà," ni bàbá náà wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ṣé òjò ń rọ̀ níta?"

"Ó ń rọ̀, Sígí. Lọ gbé ìyàwó ẹ."

Ẹ ò rí i bí ọjọ́ Bámgbàlà ṣe yí padà wìì! Ó ki ẹrù mọ́lẹ̀, ó sáré dé géètì. Géètì náà ga bí igi àràbà mẹ́ta tó gun ara wọn léjìká, ó sì ń ṣí fún àwọn èèyàn tó wà níwájú rẹ̀ bí ìlẹ̀kùn ilé ọ̀rẹ́. Nígbà tó kan Bámgbàlà, ó wo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó pa dé gbàgà.

"Ẹ padà, onílé," ni géètì wí. "Onílé kì í sá kúrò lábẹ́ òrùlé rẹ̀."

"Ta lonílé? Èmi tí mo háyà yàrá!"

"Ẹ padà, onílé."

Ó fi èjìká tì í. Ó fi ẹsẹ̀ ta á. Ó bẹ̀ ẹ́ ní èdè Yorùbá, ó bú u ní èdè Òyìnbó, ó tilẹ̀ ṣèlérí fún un pé òun á rán an lọ sí Ìsẹ́yìn lọ jẹ́ géètì ààfin. Géètì kò gbọ́. Níta lọ́hùn-ún, ọkọ̀ òfuurufú fọn fèrè. Ìbídùn ti kọjá, ó dúró sí òdìkejì gíláàsì, òjò ń lù ú, ohùn rẹ̀ sì ń gba ihò ìsọ̀rọ̀ wọlé.

"Bámgbàlà! Mo sọ fún ọ, àbí n ò sọ fún ọ? Mo ní ẹnu yẹn ló máa kó bá ọ!"

"Ìbídùn, má tíì bá mi jà. Bá mi dá ọkọ̀ dúró."

"Ṣé kẹ̀kẹ́ ni mo fẹ́ dá dúró ni?" Ìbídùn nu ojú rẹ̀. Kò dájú bóyá òjò nìkan ló ń nù. "Kí ni kí n wí fún Àríyìíkẹ́?"

Bámgbàlà wo irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo òkè, níbi tí gíláàsì ti tẹ́ lọ láìlópin, awẹ́ lórí awẹ́, tí òjò ń sá lórí rẹ̀ tí ẹ̀kán kan kò sì kán sílẹ̀.

"Sọ fún un pé mo ti nílé," ló wí. "Ilé ńlá. Sọ fún un pé òrùlé rẹ̀ ò lópin."

Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Bámgbàlà máa parọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rẹ́rìn-ín, ó sì dùn ún wọnú egungun.

Ó padà sí ibi ìléru, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Wándà tó ń fi ṣọ́bìrì da iyanrìn sínú iná.

"Màmá, ẹ gbà mí. Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́rìí sí irọ́?"

"Dìde, òpònú, o ń fi àyà gbá ilẹ̀ mi." Wándà kò dá ṣọ́bìrì dúró. "Mo rí ojú Sígí ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, òjò ò tíì kàn án lára. Àgbàlagbà! Bí òjò bá ń rọ̀, á gun àkàbà, á lọ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé gíláàsì. Kò sí ọmọ Tòlídò tó jẹ́ gba gíláàsì ẹlòmíràn mọ́ra, ta ló ya wèrè? Àfi ìgbà tí ẹnu rẹ là."

"Tí mo bá lọ bá Elétí, tí mo ní irọ́ ni mo pa ńkọ́?"

"Ẹ̀gbà á padà sọ́wọ́ olówó ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ṣì wà nínú géètì."

"Èmi ńkọ́?"

"Ẹni tó bá parọ́ òrùlé, iyanrìn ni yóò máa kó títí iyanrìn odò Mọ́mì yóò fi tán."

"Ìgbà wo ló máa ń tán?"

"Odò ń gbé òmíràn wá lójoojúmọ́."

Bámgbàlà jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bó bá jẹ́wọ́, ìdè. Bó bá dákẹ́, ìdè. Ibi tó bá kọjú sí, ògiri ló ń bá pàdé. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣàkíyèsí pé ọwọ́ Wándà náà ṣófo.

"Màmá, ẹ̀gbà yín ti bọ́. Kí lẹ tún ń ṣe níbí?"

"Tí gbogbo wa bá lọ, ta ni yóò bọ́ iná? O rò pé ìjì adágún yẹn máa ń bèèrè bóyá òṣìṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ kó tó jà? Ilé ìwòsàn wà lábẹ́ gíláàsì yìí. Ilé ìwé wà lábẹ́ ẹ̀." Ó tutọ́ sínú iná, iná hó ṣìì. "Irin kọ́ ló so mí mọ́ ibí. Dìde. Dọ́fì ń bọ̀."

Dọ́fì ni alábòójútó òrùlé. Irùngbọ̀n rẹ̀ gbòòrò tó fi jẹ́ pé ó máa ń fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó dé pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ́yìn, ojú rẹ̀ pọ́n, nítorí ó ti rí ọ̀wọ́ àwọn afẹ́gíláàsì tí wọ́n ń ru ẹrù lọ sí géètì bí ìjàlọ tó ń ṣílé.

"Ìwọ lo fẹ́ gbogbo rẹ̀?" ni Dọ́fì bi Bámgbàlà.

"Èmi ni, ọ̀gá."

"N kò gbà ọ́ gbọ́." Dọ́fì rọra rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbà ọ́ gbọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ni mo ń ṣọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Ọrùn kan ṣoṣo rọrùn láti dì mú. Fẹ́ ẹyọ kan lójú mi. Bí ó bá pé, mo fọwọ́ sí i, ìwọ àti òrùlé yìí ò ní pínyà títí ikú. Bí kò bá pé, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ iyanrìn ń dúró dè ọ́."

"Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọ̀gá! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́n ẹ̀dọ̀fóró mi," ni Bámgbàlà wí. Ó sáré bọ́ sẹ́yìn àgbá omi tí wọ́n fi ń tu irin lójú, Wándà sì tẹ̀ lé e bí ẹni tó fẹ́ pọn omi.

"Bàbá Sígí ti kọjá?" ni Bámgbàlà sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Kò tíì. Ìyàwó ẹ̀ ò lè rìn dáadáa, ó ń fi àga onítáyà tì í."

"Ẹ bá mi fẹ́ ẹ, Màmá. Ẹ fẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́. Kó tó pé, kí wọ́n ti jáde."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Bámgbàlà ti ń tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

Rọ́bà oníhò kan wà níbẹ̀ tí àwọn tí èémí wọn ti dínkù fi máa ń fẹ́ gíláàsì. Wándà kúnlẹ̀ sẹ́yìn àgbá, ó fi ẹnu sí ìdí rọ́bà náà. Wọ́n fà á gba abẹ́ aṣọ Bámgbàlà, wọ́n fà á gba apá ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n fi orí rọ́bà náà bọ ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá. Bámgbàlà ki ọ̀pá bọ ìléru, ó fi ká gíláàsì yíyọ́ bí ẹni ká oyin, ó fi ẹnu bo orí ọ̀pá, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ojú rẹ̀ fi fẹ́ẹ́ yọ sílẹ̀.

Gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó tó ọsàn. Ó tó àgbọn.

Dọ́fì sún mọ́ ọn. "Ó ń wú," ló wí, ó sì yọ òǹtẹ̀ kan tó pọ́n bí ẹyin iná lápò. "Ó pé díẹ̀ sí i, mo lù ú."

Bámgbàlà ń yí ojú wo ara ògiri, níbi tí gbogbo nǹkan ti ń hàn gedegbe, nítorí ògiri náà gíláàsì ni. Ó rí géètì. Ó rí ọ̀wọ́ àwọn arúgbó. Wọ́n ti ń tán. Bàbá Sígí ló kù lẹ́yìn, ó ń ti àga ìyàwó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, táyà àga náà há sínú ihò kan ní ẹnu géètì gan-an. Bámgbàlà fi ẹsẹ̀ ta àgbá, kí Wándà lè rọra. Wándà rò pé kí òun múra sí i ló ní. Gíláàsì fò sókè, ó tó ìkòkò ìsebẹ̀!

"Ó ti pé," ni Dọ́fì wí, ó gbé òǹtẹ̀ sókè.

Bámgbàlà gbọn orí fìrìfìrì, ẹnu rẹ̀ wà lórí ọ̀pá, ó ń fi imú kùn bí oyin. Kò tíì pé, ló ń wí. Ìdajì ni. Dọ́fì dúró. Ní ẹnu géètì, Bàbá Sígí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi apá gbé àga àti ìyàwó lápapọ̀, àgbàlagbà tí kì í lè gbé ìgò ọtí! Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó bọ́ síta.

Òjò bá a. Bàbá náà dúró gbagidi. Ó gbójú sókè. Ó la ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ fún òjò náà bí ọmọ ẹyẹ.

Bóyá Bámgbàlà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó ṣe tẹ̀lé e ni o, bóyá ẹnu ló kàn yún un, kò sí ẹni tó lè búra. Ó yọ ẹnu kúrò lórí ọ̀pá, ó na ìka, ó ké ní ohùn tó jí àwọn tó ń sùn ní òpópónà kẹta:

"Ọ̀gá Dọ́fì, ẹ wo òjò yẹn! Ẹ wo bó ṣe dùn! Èmi náà ni mo fẹ́ ẹ!"

Dọ́fì kò wo òjò. Ọ̀pá ló ń wò. Kò sí ẹnu kankan lórí ọ̀pá náà mọ́, gíláàsì sì ń wú. Ó tó ewúrẹ́. Ó tó ewúrẹ́ olóyún.

"Ta ló ń fẹ́ ìyẹn?" ni Dọ́fì bèèrè pẹ̀lẹ́.

Bámgbàlà wo gíláàsì náà. "Ìyókù èémí mi ni, ọ̀gá. Ó máa ń pẹ́ kó tó tán."

Dọ́fì na ọwọ́, ó fa apá ẹ̀wù rẹ̀. Rọ́bà já. Gíláàsì bẹ́ gbàmù! Wándà yọ lẹ́yìn àgbá, rọ́bà lẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún bámúbámú.

"Mo gbọ́ èémí ẹlòmíràn," ni Elétí wí láti òkè. "Irọ́ ni. Kò sí òrùlé lọ́wọ́ Bámgbàlà."

Irin ọwọ́ rẹ̀ là sí méjì, ó já bọ́ sílẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ìjẹun lọ́hùn-ún, àwọn ẹ̀gbà tó wà lábẹ́ tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ̀ wá olówó wọn, wọ́n ń ro woroworo. Àwọn tí olówó wọn ti jáde ń forí sọ ògiri, wọ́n ń kan ògiri bí ewúrẹ́ tí wọ́n tì mọ́ta. Ẹyọ kan ló yí gba àárín ẹsẹ̀ Dọ́fì kọjá, ó gun ara Wándà gòkè, ó dì mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ẹ lọ mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ iyanrìn wá!" ni Dọ́fì ké sí àwọn ẹ̀ṣọ́.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ yíjú síra wọn, olúkúlùkù ń retí kí èkejì lọ mú un. Bámgbàlà wo ọwọ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wo Wándà.

Wándà tu rọ́bà lẹ́nu. "Kí lo dúró ń wò, òmùgọ̀ ọmọ yìí? Ṣé o fẹ́ kí n tún bá ọ fẹ́ ẹsẹ̀ ni?"

"Màmá, ẹ̀gbà yín—"

"Lọ!"

Bámgbàlà ki eré mọ́lẹ̀. Ó gbàgbé ẹrù, ó gbàgbé bàtà ẹsẹ̀ kan, ó fo bárò iyanrìn, ó fo ẹ̀ṣọ́ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti dì í mú, ó sì gba abẹ́ apá ìkejì kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ń ké "Òpùrọ́! Ẹ mú òpùrọ́!" Géètì wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí i pé ọwọ́ lásán ni, ó sì là fún un láìsọ̀rọ̀. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Wándà ti mú ọ̀pá mìíràn, ó ti kọ ẹ̀yìn sí Dọ́fì àti ariwo rẹ̀, ó ń lọ sí ẹnu iná. Bámgbàlà fẹ́ sọ nǹkan kan, àmọ́ òótọ́ ni ohun tó wá sí i lẹ́nu, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ké e. Ó kàn gbé ẹsẹ̀ nílẹ̀, ó sá lọ síbi tí fèrè ọkọ̀ ti ń dún.